Ṣé Sánmọ̀ La Máa Jẹ Ni?

"Ṣé sánmọ̀ la máa jẹ ni?" Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń jáde lẹ́nu ọ̀gá télọ̀ nígbà tí ọmọ iṣẹ́ bá fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, tó gbé fóònù, tó sáré jáde lọ ya fọ́tò oòrùn tó ń wọ̀. Ìyá ọlọ́jà náà á rí ọmọ ẹ̀ tó gbójú sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀, á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kó igbá wọlé jàre, ilẹ̀ ń ṣú!" Wọn ò purọ́. Ilẹ̀ ń ṣú lóòótọ́, ẹrù wà nílẹ̀, ọkọ̀ sì lè wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin èèyàn wa, nínú gbogbo ohun tó dára tó ń kọjá níwájú yín láti àárọ̀ títí di alẹ́, èwo ni wọn kì í dá iye lé?

Léèsì ní iye. Góòlù ní iye. Omi inú ọ̀rá gan-an, owó ni. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń kun osùn, tó ń wé gèlè aláwọ̀ mẹ́fà, tó ń yan kọjá lójoojúmọ́ láì bi ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹni tó ń gbé Ìkòyí ò rí i ju ẹni tó ń gbé Ajégúnlẹ̀ lọ. Bí ọlọ́rọ̀ bá kọ̀ tí ò wò ó, ó ní nǹkan mìíràn tó lè wò. Òṣìṣẹ́ tó bá kọ̀ tí ò wò ó ńkọ́? Ta ló rẹ́ jẹ?

KÌ Í DÚRÓ DE ẸNIKẸ́NI

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di kánkán ni pé oòrùn tiwa kì í pẹ́ wọ̀. Nílùú Lọ́ńdọ̀nù, nínú oṣù Kẹfà, oòrùn á kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó tó wọ̀, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á sì tún máa fà nílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgẹrẹmìtì ló fi ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Tiwa níbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń já wálẹ̀ tààrà bíi korobá tí wọ́n jù sínú kànga. Láti ìgbà tí etí ẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ títí tí kò fi ní sí mọ́, kò ju ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, bíi ogún ìṣẹ́jú ló kù kí èèyàn tó máa wá fìtílà.

L'Ékòó, oṣù Kọkànlá ló máa ń yá wọ̀ jù, nígbà tí aago bá ń lọ sí mẹ́fà ààbọ̀. Oṣù Keje ló máa ń pẹ́ jù, nígbà tí aago bá ti lé díẹ̀ ní méje. Àwọn Mùsùlùmí mọ ìṣirò yìí dáadáa, nítorí oòrùn gbọ́dọ̀ ti wọ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Màgíríbì, òun kan náà sì ni wọ́n ń ṣọ́ nínú oṣù Ramadan kí wọ́n tó ṣínu. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá náwó ẹja lórí ọgọ́rùn-ún náírà ní àkókò yẹn, kó mọ̀ pé ohun tó kọjá lórí òun ju ẹja lọ.

KÍ LÓ Ń PA Á LÁRÓ?

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó dà bíi pé ó funfun yẹn, àwọ̀ púpọ̀ ló wà nínú ẹ̀, àwọn àwọ̀ tó ń hàn lára òṣùmàrè gan-an. Ẹ fi wé ìyá alájàpá tó di ẹrù oríṣiríṣi láti oko bọ̀ wá sílùú. Lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn wà ní àtàrí, ọ̀nà tó ń tọ̀ nínú afẹ́fẹ́ kúrú. Búlúù díẹ̀ ló ń já dànù lọ́nà, òun ló fọ́n káàkiri tí ojú ọ̀run fi rí bí aṣọ tí wọ́n rẹ láró. Nírọ̀lẹ́, oòrùn ti lọ sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ń rìn nínú afẹ́fẹ́ á sì gùn ju ti ọ̀sán lọ ní ìlọ́po 30 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ìyá alájàpá tó dé ọ̀dọ̀ wa, búlúù ti tán lójú ọ̀nà. Pupa àti àwọ̀ ọsàn ló ṣẹ́ kù sínú igbá, òun ló ń tà fún wa. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí aráyé wá mọ̀ sí Lord Rayleigh ló fi ìṣirò là á yéni ní ọdún 1871.

Ẹni tó bá sì ń retí pé kí ojú ọ̀run mọ́ gaara kó tó lẹ́wà, ó ń tan ara ẹ̀ ni o. Ìkùukùu ni aṣọ tí oòrùn ń rẹ. Bí ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá wà lókè, tí apá ìwọ̀ oòrùn sì ṣí sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á gba abẹ́ wọlé, gbogbo ẹ̀ á sì ràn bí ẹyin iná. Ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tó ti fọ eruku àti èéfín jẹnẹrétọ̀ kúrò lójú ọ̀run, ni ó máa ń dára jù. Nígbà ọyẹ́, eruku tó ń ti aṣálẹ̀ wá, àgàgà láti ilẹ̀ Chad, máa ń pọ̀ débi pé oòrùn á funfun bí òṣùpá, á sì ti pòórá sínú eruku kó tó kan ilẹ̀ rárá. Ìyẹn náà ní ẹwà tiẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pọ́n tó ti ìgbà òjò.

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn mìíràn tí ojú ọ̀run bá pọ́n jù. Àwa nìkan kọ́. Ní oṣù Kẹjọ 1883, òkè kan tí wọ́n ń pè ní Krakatau bú gbàmù ní ilẹ̀ Indonesia, ó yọ iná, ó ru omi òkun sókè, ẹ̀mí tó lé ní 36,000 ló sì bá a lọ. Èéfín àti eruku ẹ̀ fẹ́ yí gbogbo ayé ká. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún náà, ojú ọ̀run pọ́n nírọ̀lẹ́ débi pé ní ìlú Poughkeepsie ní Amẹ́ríkà, wọ́n sáré pe àwọn panápaná. Wọ́n rò pé ìlú ń jó ni! Lákòókò náà gan-an, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ William Ascroft jókòó sétí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń fi ẹfun aláwọ̀ ya ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́ kíá kíá kó tó yí padà. Àwòrán tó yà lé ní 500. Kò sí kámẹ́rà tó lè mú àwọ̀ yẹn fún un nígbà náà. Lónìí, ohun tó wà lápò ìyá aláta lè ṣe é.

OHUN KAN TÓ KAN ỌJÀ GBỌ̀NGBỌ̀N

Àwọn òyìnbó ní ìgbàgbọ́ kan, pé bí ojú ọ̀run bá pọ́n nírọ̀lẹ́, ọ̀la á dára, òjò ò ní rọ̀. Ó bá ìlú tiwọn mu, nítorí láti ìwọ̀ oòrùn ni òjò tiwọn sábà máa ń ti wá. Bí apá ibẹ̀ bá mọ́, òjò jìnnà. Ẹ̀yin tó ń sá èlùbọ́, tó ń sá adìrẹ, ẹ má gbà á lò o! Òjò oníjì tiwa, láti ìlà oòrùn ló sábà máa ń gbéra, tí á máa lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Oòrùn lè máa wọ̀ tẹwàtẹwà níwájú yín kí ìjì máa ṣú bọ̀ lẹ́yìn yín. Nítorí náà, ẹni tó bá ti wo ẹwà tán, kó yíjú padà wo ẹ̀yìn kó tó pinnu bóyá á kó èlùbọ́ wọlé.

IBI TÍ Ẹ TI LÈ RÍ I

Ní Ìbàdàn, ilé gogoro Bower tó wà lókè Àárẹ̀, tí àwọn ọmọ ìlú ń pè ní Láyípo, ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1936. Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn ẹ̀ dókè nírọ̀lẹ́, á rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ salalu, tí wọ́n á máa dán bí bàbà. Ní Abẹ́òkúta, orí òkè Olúmọ ni, ẹ kọjú sí apá odò Ògùn. Ní etí òkun Èkó, ẹ fi ọgbọ́n sí i: etí òkun wa kọjú sí gúúsù, kò kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejì, oòrùn á wọ̀ sí apá omi. Láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹjọ, apá ilẹ̀ ló ń wọ̀ sí.

Láti orí afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní 1990, oòrùn máa ń wọ̀ sẹ́yìn Makòkò, ọkọ̀ ojú omi á dúdú lórí ọ̀sà, èéfín ẹja á máa rú. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró lórí afárá o! Ẹni tó bá jókòó nínú ọkọ̀ ni kó wò ó. Ẹni tó bá na fóònù síta lójú fèrèsé nínú gó-síló, àwọn ọmọ ajáfóònù-gbà á bá a yà á lọ.

BÍ Ẹ ṢE LÈ YÀ Á

Láyé fíìmù, fíìmù kan kì í gbà ju bíi 36 lọ, owó ìfọ̀ tún wà nílẹ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ń ná an fún, ta ló fẹ́ fi ya ìkùukùu? Ní báyìí, èèyàn lè ya mẹ́wàá kó pa mẹ́sàn-án rẹ́.

Àkọ́kọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ojú kámẹ́rà. Ọwọ́ tó ń di àkàrà ló di fóònù yẹn mú, òróró ló sọ oòrùn di kúrukùru. Ìkejì, ẹ má fà á sún mọ́, ńṣe ló máa ń bà á jẹ́. Ìkẹta, ẹ fi ìka tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ lójú fóònù. Nínú fóònù púpọ̀, àmì oòrùn kékeré kan á yọ, ẹ fà á wálẹ̀ kí àwòrán ṣú díẹ̀, àwọ̀ á jáde. Ìkẹrin, ẹ wá nǹkan fi síwájú: igi ọ̀pẹ, ọkọ̀ ojú omi, obìnrin tó ru igbá. Á dúdú bí òjìji, òun ló máa jẹ́ kí oòrùn ní ìtumọ̀. Bó bá sì jẹ́ èèyàn ni, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó yà á. Ìkarùn-ún, ẹ má sáré lọ nígbà tó bá wọ̀ tán. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà ni ìkùukùu máa ń pọ́n jù, nígbà tí àwọn aláìnísùúrù ti lọ sílé.

OJÚ LALÁKÀN FI Ń ṢỌ́RÍ

Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin lẹ máa yé ọ̀rọ̀ yìí jù. Ẹ mọ bí ojú ṣe máa ń ta èèyàn lóru bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i, tó bá wo iná wẹ́dà láì lo awò. Ìyẹn, iwájú ẹyinjú ló jó, ó sì sábà máa ń san lọ́jọ́ kejì ọjọ́ kẹta. Ti oòrùn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ẹyinjú nínú lọ́hùn-ún ló ń jó, ibẹ̀ kì í sì í dun èèyàn rárá. Ó lè di wákàtí mélòó kan kí ẹni náà tó rí i pé àmì dúdú kan ti jókòó sáàárín ohun gbogbo tó bá wò. Nígbà mìíràn kì í lọ mọ́ láéláé. Kí ni télọ̀ fẹ́ fi okùn bọ abẹ́rẹ́ nígbà náà?

Òfin ẹ̀ kò le. Bí oòrùn bá ṣì ń ta yín lójú, ẹ má tẹjú mọ́ ọn, ó di ìgbà tó bá pọ́n tó rọ̀. Ẹ wo ìkùukùu, ẹ wo ojú fóònù, kì í ṣe orí fóònù. Ẹni tó ń lo kámẹ́rà ńlá tí wọ́n ń fi ojú kan wò nínú dígí, kò gbọdọ̀ dojú ẹ̀ kọ oòrùn tó ṣì ń ràn. Awò oge kì í dáàbò bo ojú lọ́wọ́ oòrùn. Nígbà tí òṣùpá bo oòrùn pátápátá láwọn apá ibì kan ní Gánà, Tógò, Benin àti Nàìjíríà ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2006, ìkìlọ̀ kan náà ló wà: fíìmù X-ray kò tó, awò oge kò tó. Dígí wẹ́dà lásán gan-an ò tó, àfi èyí tó jẹ́ nọ́ńbà 14.

Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí aago mẹ́rin ọ̀sán tó lù. Ọmọ tó wà lọ́hùn-ún á ti òkùnkùn jí lọ síbi iṣẹ́, á tún bá òkùnkùn bọ̀ wálé. Bí ìyá ẹ̀ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà Bódìjà fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, tó ya ojú ọ̀run tó kun osùn, tó fi ránṣẹ́ sí i, tó wá kọ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Ọmọ mi, a ti pa ìsọ̀ dé, wo ilé," owó wo ló lè ra ìyẹn?