A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Bíbélì kíkà: Máàkù 5:1-20, Máàkù 10:46-52, II Kọ́ríńtì 1:3-4

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé Onígbàgbọ́ máa ń fi aṣọ bò ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí: àìsàn ọpọlọ láàrin àwọn ọ̀dọ́ wa. A ti wàásù púpọ̀ lórí bí a ó ti máa gbàdúrà fún wọn. Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí a ó ti máa gba ìmọ̀ràn lẹ́nu wọn.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nínú ìjọ tí a ń bójú tó ní Olúyọ̀lé, níbí ní Ìbàdàn, àwa alàgbà pinnu pé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé a ó máa gba àwọn ọ̀dọ́ tí ìdààmú ọkàn bá ń bá jà ní ìmọ̀ràn. A ya yàrá kan sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹgbẹ́ akọrin ti ń kọ́ orin. A yan bàbá mẹ́ta àti ìyá méjì tí wọ́n mọ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run láti bá wa jókòó. A kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn pé: "Ìdáǹdè fún Àwọn Tí Ọkàn Wọn Dàrú." Oṣù méjì gbáko ni a fi jókòó, ẹyọ ẹnìkan kò wọlé. A bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ọkàn àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti yigbì.

Arábìnrin kan wà nínú ìjọ, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún nígbà náà. Ó ti gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan ó wá kúnlẹ̀ níwájú wa, ó ní: "Dádì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Ta ni ó máa gba iwájú gbogbo akọrin kọjá, kí ó wá wọ yàrá tí ẹ kọ 'ọkàn dàrú' sí lára? Ọ̀rẹ́ màmá mi sì ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó wà níbẹ̀. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ mi fún wọn, ọ̀rọ̀ náà á ti délé kí èmi tó délé."

Ará, ojú tì wá. Bí a bá ro ọjọ́ orí àwa mẹ́fà tí a jókòó síbẹ̀ pọ̀, ó ju 300 ọdún lọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó rí ohun tí ọmọ yìí rí. Àwọn baba wa kò kúkú purọ́: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. A yọ àkọlé náà kúrò. A yí ọjọ́ àti ibi ìjókòó padà. A sì fi arábìnrin náà àti ọ̀dọ́ méjì mìíràn tí wọ́n ti la irú iná bẹ́ẹ̀ kọjá sínú ìgbìmọ̀. Kí oṣù kan tó pé, ọ̀dọ́ mẹ́rin ti wá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ní ìpàdé kejì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, ọmọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́, wojú wa, ó ní: "Dádì, nígbà tí ara mi kọ́kọ́ yá, ẹ̀yin ni ẹ ní kí n dá oògùn dúró, kí n máa fi ìgbàgbọ́ rìn." A rántí dáadáa. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni a gbà nígbà náà, a sì pàṣẹ kí ó kó oògùn rẹ̀ dànù. Kò pẹ́ tí àìsàn náà fi padà, ó sì le ju ti ìṣáájú lọ. Gbogbo ọdún tí ó tẹ̀ lé e, a ń sọ pé ọ̀tá ni. Bí a kò bá fún ọmọ yìí ní àga láàrin wa, ta ni ìbá sọ fún wa pé àṣìṣe wa ni? A bẹ̀ ẹ́ kí ó dárí jì wá níwájú àwọn alàgbà. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di òfin nínú ìjọ wa pé pásítọ̀ kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni kí ó dá oògùn dókítà dúró. Àdúrà kò bá oògùn jà.

Ẹ wo Olúwa wa Jésù. Gbogbo ayé rí i pé afọ́jú ni Bartimeu, síbẹ̀ Olúwa kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ kí Òun ṣe fún un. Ẹ tún wo ọkùnrin ará Gádárà. A kò sọ pé ẹ̀mí àìmọ́ ni ó wà nídìí gbogbo àìsàn ọpọlọ o. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni ètò tí àwọn ará ìlú ṣe fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jésù mú un lára dá, Ó fún un ní iṣẹ́: Ó rán an padà sí àárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì di oníwàásù ní Dékápólì. Ẹni tí wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n dè rí ni Olúwa sọ di ìránṣẹ́.

Ẹ̀wọ̀n náà kò sì tíì tán nílẹ̀ wa. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn tí à ń pè ní Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti dé ibi 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá. Wọ́n bá àwọn ènìyàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nítorí àìsàn ọpọlọ. Àwọn ilé ìjọsìn Kristẹni wà lára ibi tí wọ́n dé. Kí Ọlọ́run ṣàánú fún wa.

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Yorùbá ti fi ọ̀nà tó dára jù bẹ́ẹ̀ han ayé. Ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, ní Abẹ́òkúta. Aláìsàn àti ìbátan rẹ̀ kan yóò gba ilé láàrin àwọn ará abúlé, yóò máa bá wọn gbé, yóò sì máa lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ènìyàn láàrin ènìyàn ni wọ́n kà á sí. Níbí ní Ìbàdàn, Yunifásítì wa dá ibùdó sílẹ̀ ní ọdún 2011 fún ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí a bá ka ọmọ méje tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 10 sí 19, ó ṣeé ṣe kí àìsàn ọpọlọ máa bá ọ̀kan nínú wọn jà. Ẹ ka àwọn ọ̀dọ́ ìjọ yín, kí ẹ sì ṣírò rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ pàápàá ti ń sọ̀rọ̀. Hauwa Ojeifo, ọ̀dọ́bìnrin kan tí òun fúnra rẹ̀ ní àìsàn ọpọlọ, dá ẹgbẹ́ She Writes Woman sílẹ̀ ní ọdún 2016. Ní ọdún 2020, ó dúró níwájú àwọn aṣòfin àpapọ̀ láti gbẹnu sọ fún àwọn tí ó wà ní irú ipò rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀. Bí àwọn aṣòfin bá lè jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ, kí ni ó dé tí ìjọ kò fi lè gbọ́?

Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Àwa ń gbọ́ wọn, a máa ń pè wọ́n wá jẹ́rìí." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí yàtọ̀ sí ìmọ̀ràn. A ó pè wọ́n síwájú pẹpẹ, a ó pàtẹ́wọ́, a ó kọrin, wọn a sì padà lọ jókòó. Nígbà tí a bá wá fẹ́ ṣètò, a ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra wa. A kì í fárí lẹ́yìn olórí! Ẹlòmíràn yóò tún béèrè pé: ṣé ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú rí ni yóò máa gbà wá nímọ̀ràn? Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Dókítà mọ oògùn, ipò rẹ̀ kò sì ṣeé gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gba ọ̀nà náà kọjá mọ ibi tí kòtò wà. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì kọ́ wa pé ìtùnú tí a rí gbà nínú ìpọ́njú, fún títu ẹlòmíràn nínú ni.

Nítorí náà, a gba ẹ̀yin ìjọ àti ẹ̀yin òbí níyànjú báyìí:

1. Ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀ ètò. Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá ti parí gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó ní kí wọ́n wá wò ó.

2. Ẹ má pe ẹyọ kan ṣoṣo sáàárín àgbà mẹ́wàá. Ẹ̀rù yóò bà á, ẹnìkan kò sì lè sọ ti gbogbo wọn.

3. Ẹ má fipá gbọ́ ìtàn wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbani nímọ̀ràn láìsọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

4. Ẹ fún wọn ní owó ọkọ̀, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò máa béèrè àlàáfíà wọn. Bí ara ọ̀kan bá tún ṣàìyá, kí ó lọ sinmi kí ó sì gba ìtọ́jú. Kí ó padà bá àga rẹ̀ níbi tí ó wà.

5. Ẹ pa àṣírí wọn mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun fẹ́ gba ẹ̀mí ara òun, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ tètè mú un dé ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ti la àfonífojì yìí kọjá, tàbí tí ẹ ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ kò wúlò mọ́. A nílò yín. Bí a bá sì ṣì yín lọ́nà rí, bí àwa ti ṣe sí ọmọ wa yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì wá.

Kí Olúwa fún àwa àgbà ní etí ìgbọ́, kí Ó sì fún àwọn ọmọ wa ní ẹnu láti sọ̀rọ̀. Àmín.