N Kì Í Ra Kpo-fire

Lọ́dún 2015, bọ́ọ̀sì kan gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó láti London. Irin ni Sokari Douglas Camp, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Buguma ní ìpínlẹ̀ Rivers, fi ṣe é lọ́dún 2006 láti fi rántí Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé ọmọ Ogoni ní ìpínlẹ̀ kan náà tó jà fún ilẹ̀ wọn, ó sì to àgbá epo sórí rẹ̀. Àwọn Ogoni ni wọ́n fẹ́ fi ta lọ́rẹ. Kọ́sítọ́ọ̀mù gbẹ́sẹ̀ lé e. Kò gbé ìbọn, kò gbé oògùn olóró. Gbólóhùn Saro-Wiwa kan ló wà lára rẹ̀, èyí tó fi fẹ̀sùn kan àwọn iléeṣẹ́ epo pé wọ́n ń pa ìran Ogoni run. Gbólóhùn yẹn ni wọ́n ní ó kó bá a.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà yẹn, UNEP, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ti gbé ìwé ńlá jáde lórí ilẹ̀ Ogoni. Wọ́n rí benzene, kẹ́míkà olóró kan, nínú kànga tí àwọn ará Nisisioken Ogale ń mu omi rẹ̀, ó sì ju ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé là sílẹ̀ lọ ní ìlọ́po 900. Wọ́n ní àtúnṣe ilẹ̀ náà lè gba ọdún 25 sí 30. Iṣẹ́ gidi ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ta ló lè há a sórí? Gbólóhùn ara bọ́ọ̀sì, ọmọ iléèwé á kà á tán kí bọ́ọ̀sì tó kọjá.

Port Harcourt, níbi tí wọ́n ti yẹgi fún Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 1995, mọ agbára ọ̀rọ̀ kúkurú. Láti ìparí 2016 ni èéfín dúdú ti ń bà lé ìlú náà. Fi ìka nu fèrèsé, ìka á dúdú. Fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú ilé tí wọ́n gbá láàárọ̀, kí o wá yí àtẹ́lẹsẹ̀ wò lọ́sàn-án. Fi áńkáṣíìfù funfun nu imú ọmọ, ohun tó máa ń jáde ń dẹ́rù bani. Àwọn aráàlú kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí páálí, Stop The Soot, wọ́n sì gbé e jáde sígboro lọ́dún 2018.

Ọ̀rọ̀ náà tọ́. Àmọ́ ìjọba ló ń bá wí, ó sì yẹ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní gbólóhùn tirẹ̀.

Iná gáàsì àwọn iléeṣẹ́ wà lára ohun tó ń fa èéfín náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ìjọba tó ń dáná sun epo tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ àwọn tó jí i. Ṣùgbọ́n kò sí ará Port Harcourt tí kò mọ ipa kpo-fire níbẹ̀: epo rọ̀bì tí wọ́n jí fà, tí wọ́n ń sè nínú àgbá létí odò, tí wọ́n sì ń da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sómi. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2022, Nyesom Wike, gómìnà Rivers nígbà náà, pàṣẹ kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ wá ibùdó àwọn tó ń sè é kàn. Wọ́n wó ibùdó kan lónìí, òmíràn hù lọ́la, torí oníbàárà wà. Ó dínwó, a sì ń rà á láì bi ẹni tó ń tà á léèrè.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní kí n fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ bí ẹni tó fẹ́ràn àyíká ṣe ń gbé ní Port Harcourt, èsì mi ni pé: N kì í ra kpo-fire. Owó ńlá ló wà lórí gbólóhùn yẹn. Ẹni tó bá sọ ọ́ yóò san ju aládùúgbò rẹ̀ lọ, yóò sì pa jẹnẹrétọ̀ nígbà tí ti ẹlòmíràn ṣì ń dún. N kò bá ìyá tó ń ra ìgò kẹrosíìnì kan wí o. Àwọn tó ń ra dísẹ́ẹ̀lì ní dọ́rọ́ọ̀mù-dọ́rọ́ọ̀mù ni mò ń bá sọ̀rọ̀, títí kan àwọn Yorùbá wa tó ń ṣòwò níbẹ̀.

Ẹ̀yin onílé ìtura, ẹ̀yin oníbékìrì, ẹ̀yin olórí ìjọ, ẹ bi olùtà níbi tó ti gbé epo wá. Ẹ kọ gbólóhùn yẹn sára ògiri ibi tí jẹnẹrétọ̀ yín wà, kí ẹni tó ń gbé dísẹ́ẹ̀lì bọ̀ kà á kó tó sọ ẹrù kalẹ̀.