Ẹ̀rín Nínú Igbó Ẹ̀rù: Kí Ni Igbó Olódùmarè Gbà Lọ́wọ́ Wa, Kí Ni Ó Fún Wa?

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá. Wọn a ní Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, ni ògidì ìwé. Pé Igbó Olódùmarè, tí ó tẹ̀ lé e ní 1949, kò bani lẹ́rù tó o. Òótọ́ ni pé kò bani lẹ́rù tó o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá torí èyí pè é ní ìwé tí ó rẹlẹ̀ kò ṣe ìdájọ́ òdodo.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwé àkọ́kọ́ náà. Kí òǹkàwé tó wọ igbó rárá ni ẹ̀rù ti wọ inú ilé. Àjẹ́ ni ìyá Àkàrà-ògùn. Ẹran tí bàbá rẹ̀ yìnbọn fún, aya rẹ̀ ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí bàbá náà fi kú. Nígbà tí ọmọ yìí bá Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún pàdé, àyà òǹkàwé a máa já. A mọ̀ pé Àkàrà-ògùn kò ní kú, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ìtàn náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun àti àwọn akọni ẹgbẹ́ rẹ̀ bá kọrí sí Òkè Lángbòdó, ta ni ó mọ ẹni tí yóò padà wálé nínú wọn? Gbogbo wọn kọ́ ni ó sì padà.

Ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn, ni Igbó Olódùmarè. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé àkọ́kọ́ ti mọ òpin ọkùnrin yìí kí ó tó ṣí ojú ìwé kìíní. Ó mọ̀ pé yóò bímọ, àti pé inú igbó yẹn kọ́ ni yóò kú sí. Yàtọ̀ sí èyí, òǹkàwé ti bá iwin pàdé rí, ojú tí ó sì ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù. Bí Fágúnwà bá tún fẹ́ fi ẹ̀rù nìkan mú wa, asán ni ìbá já sí.

Kí ni ó wá ṣe? Ó fi ẹnu rọ́pò ẹ̀rù. Nígbà tí Olówó-ayé pàdé Èṣù-kékeré-òde, ìjà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú ìjà ni àkàrà tí ó dénú epo. Ìfọ́nnu lórí ìfọ́nnu, àsọdùn lórí àsọdùn, èébú tí a tò bí ẹni ń to ìlẹ̀kẹ̀. Orúkọ Àǹjọ̀nú-ìbẹ̀rù, oníbodè igbó náà, ń kéde ẹ̀rù, síbẹ̀ ohun tí òǹkàwé ń dúró dè ni èsì tí Olówó-ayé yóò fọ̀. Bàbá-onírùngbọ̀n-yẹ́úkẹ́ ń kọ́? Kí àgbà náà tó la ẹnu fún ìmọ̀ràn ni orúkọ rẹ̀ ti pa wá lẹ́rìn-ín.

Irú èyí wà ní ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú. Sam Raimi ará Amẹ́ríkà ṣe fíìmù The Evil Dead ní 1981, ó sì ba àwọn ènìyàn lẹ́rù gidigidi. Nígbà tí ó ṣe Evil Dead II ní 1987, ó sọ ẹ̀jẹ̀ àti ariwo di eré àríntàkìtì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn èkejì ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àmọ́ kí a má ṣe àbòsí: ìyípadà yìí ní ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wa. Níbi tí akọni kò bá ti lè kú, ewu a máa fúyẹ́. Nígbà tí ìmọ̀ràn bá sì gùn, kò sí ẹ̀rù tí yóò gbé òǹkàwé kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun ni jù ni kíláàsì. Ọmọ ilé ìwé girama tí ń gbé Akobo ní Ìbàdàn ń gbọ́ Yorùbá lójoojúmọ́ lọ́jà àti nínú mọ́tò, ṣùgbọ́n níbo ni yóò ti gbọ́ ìfọ́nnu tí ó gún régé, tí gbólóhùn kan ń ti èkejì gòkè? Inú Igbó Olódùmarè ni. Bí a bá wá fún un ní ìkékúrú ìtàn nítorí ìdánwò, kí ni yóò rí? “Olówó-ayé pàdé Èṣù-kékeré-òde, wọ́n jà.” Gbogbo adùn ti lọ. Ìkékúrú lè ba Ògbójú Ọdẹ jẹ́ díẹ̀, torí pé ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n pípa ni ó ń pa Igbó Olódùmarè, nítorí pé ọ̀nà tí a gbà sọ ọ́ ni ìwé náà gan-an.

Nítorí náà, kí olùkọ́ pa ìwé ìkékúrú dé. Kí ó mú akẹ́kọ̀ọ́ méjì jáde síwájú kíláàsì, kí ọ̀kan ṣe Olówó-ayé, kí èkejì ṣe Èṣù-kékeré-òde, kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà sókè láìfo ẹyọ kan. Lẹ́yìn tí kíláàsì bá ti rẹ́rìn-ín tán ni kí ó tó béèrè ìbéèrè.