Àrá Kì Í Ṣe Ará

Nígbà tí mo lọ lo ìsinmi ní Towé, àbúrò mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mú ìwé kan wá bá mi. Ó ní, «Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa èdè, ẹ bá wa yẹ àwọn orúkọ wọ̀nyí wò.» Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dá àbá fún ilé-iṣẹ́ Gaijin, àwọn tó ṣe eré orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní War Thunder. Wọ́n fẹ́ kí Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí èèyàn lè fi ọkọ̀ ogun wọn jà nínú eré náà. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, nítorí pé òun ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ilé-ìwé, bí wọ́n ṣe fi kọ́ èmi náà. Ní ìlà kẹta ni mo ti rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n kọ báyìí: ARA.

Mo ní, «Èwo nìyí? Ara èèyàn ni, àbí ará ilé?» Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní orúkọ ọkọ̀ ni.

Òótọ́ ló sọ. Ilé-iṣẹ́ Proforce tó wà ní Òde-Rẹ́mọ, Ìpínlẹ̀ Ògùn, ń ṣe ọkọ̀ kan tí ọta ìbọn kì í ràn, tí wọ́n sì ṣe ìdí rẹ̀ lọ́nà tí bọ́ǹbù tí a rì mọ́lẹ̀ kò fi ní tètè pa àwọn sójà inú rẹ̀. Àrá ni wọ́n sọ ọ́, èyí tí ń sán lójú ọ̀run. Orúkọ náà dára púpọ̀. (Àrá wà nínú orúkọ eré náà pàápàá, ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ á ti rí i.) Ṣùgbọ́n ARA ni gbogbo ayé ń kà. Ara, ará, àrá, àrà: kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ́lì kan náà, ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọdún kìíní ni wọ́n ti fi irú àpẹẹrẹ yìí kọ́ wa. Tí ọkọ̀ náà bá wọ inú eré, tí ọmọ Japan kan sì ń wà á lóru, kí ló dé tí kò fi yẹ kó rí orúkọ rẹ̀ bí ó ṣe yẹ kó rí?

Àwọn kan á sọ pé lẹ́tà kọ̀ǹpútà kò gba àmì ohùn wa. Ìyẹn ní òótọ́ díẹ̀ nínú tó bá jẹ́ ti ẹ́ àti ọ́: Unicode kò ní kóòdù kan ṣoṣo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àfi kí a to àmì lé lẹ́tà. Ṣùgbọ́n à àti á ti wà nínú kọ̀ǹpútà tipẹ́ nítorí èdè Faransé àti ti Potogí. Ẹni tó bá lè tẹ «déjà» lè tẹ À. Kò sí àwáwí níbẹ̀.

Síbẹ̀, orúkọ kọ́ ló ká mi lára jù nínú ìwé àwọn ọmọ yìí, bí kò ṣe ibi tí wọ́n ní kí wọ́n fi wá sí. Nínú eré yìí, àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ní igi tiwọn. Àwọn mìíràn kàn jẹ́ ẹ̀ka lára igi ẹlòmíràn: Finland wà lábẹ́ Sweden, Hungary wà lábẹ́ Ítálì, Gúúsù Áfíríkà wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn àbúrò mi wá rò pé ohun tó rọrùn jù ni kí Nàìjíríà lọ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé bó bá di ọjọ́ iwájú, kí Benin bọ́ sábẹ́ Faransé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ jókòó fa ìlà sórí ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ilẹ̀ Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Pobè àti Sakété di ti ìhín, àwọn ẹbí wa di ti ọ̀hún. Ìlà yẹn náà ló fà á tí ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn àgbà ní ilé wa fi ń kọ ɛ àti ɔ, tí ti ọ̀hún ń kọ ẹ àti ọ, fún èdè kan ṣoṣo. Ṣé àwa fúnra wa ni yóò tún wá fi ọwọ́ ara wa fa ìlà náà lẹ́ẹ̀kejì, nínú eré?

Ọkọ̀ tí a fẹ́ kó wọlé pàápàá kò gbè wọ́n. Òótọ́ ni pé Saladin àti Ferret tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà lò nínú ogun 1967 sí 1970 wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ náà sì ni táńkì Vickers Mk 3 tó tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Soviet ni MiG-17 ti wá. Ṣáínà ni VT-4 tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù kẹrin 2020 ti wá, JF-17 tó dé ní 2021 sì ti Pakístàn wá. Ezugwu tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní 2019, iṣẹ́ DICON ti Kàdúná ni. Tí a bá wá lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní Umuahia, a óò rí Red Devil, ọkọ̀ tí àwọn ará Biafra fi irin bò fúnra wọn nígbà tí ogun ti há wọn mọ́. Ta ni yóò so ìyẹn mọ́ igi Gẹ̀ẹ́sì?

Àbá tèmi ni pé kí a tọrọ igi kan fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lápapọ̀, kí Nàìjíríà jẹ́ ìtì rẹ̀. Kì í ṣe àlá lásán. Àwọn ọmọ ogun wa ti jọ jà rí: ECOMOG wọ Làìbéríà ní 1990, Nàìjíríà ló sì kó sójà tó pọ̀ jù lọ wá. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá 2025, nígbà tí àwọn sójà kan fẹ́ gbàjọba ní Cotonou, ọkọ̀ òfuurufú ogun Nàìjíríà ni ìjọba wa ké sí.

Àbúrò mi wá bi mí pé kí ni ti agbègbè tiwa nínú rẹ̀, nítorí pé a kò ní táńkì kankan tí a ṣe ní Pobè. Mo ní kó bèèrè fún pápá ìjà. Ní 1914 sí 1915, àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀ jálẹ̀ fún Faransé, Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju ti kọ̀wé lórí rẹ̀. Ilẹ̀ wọn, ilẹ̀ amọ̀ dúdú ni. Bí òjò bá ti dé, omi á dúró, ẹrẹ̀ á di ẹsẹ̀ mú. Kí wọ́n fi ilẹ̀ yẹn sínú eré, kí a wo bí táńkì tó wúwo ju tọ́ọ̀nù 50 lọ yóò ṣe là á kọjá ní oṣù kẹfà. Inú rẹ̀ dùn sí èyí ju gbogbo ohun tí mo ti ń sọ lọ.

Ohun kan wà tí mo bá wọn sọ tí n kò fi ẹ̀rín sí. Ní 2021, ẹnì kan tó ń ta eré yìí gbé ìwé àṣírí táńkì Challenger 2 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì síta, torí kí wọ́n lè ṣe táńkì náà dáadáa nínú eré. Nínú ìwé àwọn àbúrò mi, fọ́tò ọkọ̀ kan wà tí ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ sójà ní Alibori, fi ránṣẹ́ láti orí fóònù. Alibori níbi tí sójà 54 ti kú nínú ìkọlù ọjọ́ 17 oṣù kẹrin 2025, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe sọ. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Ọmọ tó ni fọ́tò náà kò jiyàn. Òun fúnra rẹ̀ ló pa á rẹ́.

A ti tún ìwé náà kọ báyìí, Faransé lápá kan, Yorùbá lápá kejì, Àrá sì ti gba ohùn rẹ̀ padà. Ibi tó há sí ni àwọn orúkọ ẹ̀yà ara ọkọ̀. Àwọn ọmọ lisé ń sọ pé «shár», àwọn ará Nàìjíríà ń sọ pé táńkì, táńkì omi sì wà lẹ́yìn ilé wa. Àgbá ni a pe ìbọn ńlá orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé kékeré tí ń yí lórí ọkọ̀, tí àgbá náà ti yọ jáde, a kò tíì rí ohun tí a óò pè é. Ọ̀kan nínú wọn ní kí a pè é ní «orí». Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé orí tó ń yí po kò dára létí Yorùbá. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára jù ú lọ nínú ẹ̀ka-èdè tirẹ̀, kó fi há mi lọ́wọ́ ní kíláàsì kí oṣù tó parí.