Ilé Inú Aṣálẹ̀: Bèèrè Omi Kí O Tó Sanwó

Ìyá aláṣọ kan kọ̀wé pé ọmọ òun tó wà ní New York fẹ́ kó lọ sí Arizona, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ó ti rí ilé kan lẹ́yìn ìlú, nínú aṣálẹ̀ tí ariwo ò sí. Ṣé kó rà á?

Màmá, ìdákẹ́jẹ́ dáa, àmọ́ kó kọ́kọ́ bèèrè omi. Ní Rio Verde Foothills, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Scottsdale, tánkà ló ń gbé omi wá fún ilé bíi 500. Nígbà tó di ọjọ́ 1, oṣù kìn-ín-ní, 2023, Scottsdale ní tánkà ò gbọdọ̀ gbé omi àwọn lọ síbẹ̀ mọ́. Owó omi fò sókè. Omi òjò làwọn mìíràn fi ń ṣan ilé ìyàgbẹ́, kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó ṣòfin láti gbà wọ́n.

Kí ló fà á? Lágbègbè Phoenix níbẹ̀, ẹni tó bá gé ilẹ̀ sí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fi hàn pé omi ọgọ́rùn-ún ọdún wà. Ẹni tó gé e sí 5 bọ́ nínú òfin. Ọgbọ́n tí wọ́n dá nìyẹn!

Màmá, ẹ̀yin náà ò jẹ́ ra aṣọ láì tú u wò. Kí ọmọ yín tú ilé náà wò dáadáa.