Ayára-bí-àṣá Tí Ń Rìn bí Ìgbín

Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ èdè wa fún kọ̀ǹpútà. Orúkọ náà dùn létí, ó sì bá ẹ̀rọ náà mu nígbà tí ara rẹ̀ bá le. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wọ yàrá àwa akẹ́kọ̀ọ́ lónìí, àṣá tí yóò bá lórí tábìlì, díẹ̀ ló kù kí ìgbín yára jù ú lọ. A ó tan ẹ̀rọ, a ó lọ pọn omi, a ó wẹ̀, a ó tún jẹ ẹ̀bà tán, òbìrìkìtì kékeré yóò ṣì máa yí lójú rẹ̀. Nígbà tí sùúrù bá tán, ẹni tí ó ni ín yóò gbé e tọ alátùn-únṣe lọ, onítọ̀hún yóò sì mi orí pé, "Ó ti gbó, lọ ra òmíràn." Owó oúnjẹ oṣù méjì lọ nìyẹn.

Èrò tèmi, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi bá mi yẹ̀ wò, ni pé púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù tí à ń pè ní òkú kò tíì kú. Àìsàn ló ń ṣe wọ́n. Àyẹ̀wò ló sì yẹ kí ó ṣáájú owó níná, kò yẹ kí owó níná ṣáájú àyẹ̀wò.

Kí Ló Kan Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá Níbẹ̀?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò béèrè pé kí ló pa Yorùbá pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ wáyà. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Àwa tí à ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa ní èdè Yorùbá mọ ohun tí ojú wa ń rí lọ́dọ̀ àwọn tí ń bá ni tẹ ìwé. A ó kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sínú ìwé pẹ̀lú àmì wọn. Nígbà tí iṣẹ́ bá jáde, "oko" mẹ́rin ni a ó bá níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò mọ èyí tí ó fẹ́ ìyàwó yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń kọ ebè. Atẹ̀wé náà kò jẹ̀bi tán, nítorí pé kò kọ́ àmì ohùn nílé-ìwé, èrò sì pọ̀ lẹ́yìn wa tí wọ́n ń dúró dè é. Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ìbáà jẹ́ àlòkù, lè to bọ́tìnnì rẹ̀ sí ti Yorùbá láìsan kọ́bọ̀, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ yìí bá ń falẹ̀ títí a fi pa á tì, iṣẹ́ Yorùbá gan-an ni a pa tì.

Òkè Ni À Ń Wò

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí ń falẹ̀ rí. Onísègùn tí ó mọ iṣẹ́ kì í já ewé kí ó tó bi aláìsàn pé níbo ló ń dùn ọ́, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí lo jẹ. Kọ̀ǹpútà náà ní ibi tí a ti í bi í. Lórí èyí tí ń lo Windows, kí a tẹ bọ́tìnnì Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Ojú ìwé kan tí ń jẹ́ Task Manager yóò ṣí, a ó sì rí CPU, Memory àti Disk níbẹ̀, pẹ̀lú iye tí à ń lò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Kí a jókòó tì í fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a máa wò ó. Èyí tí ó bá gun 100 tí ó kọ̀ tí kò sọ̀kalẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àlòkù, Disk ni yóò jẹ́. Hard disk ni àká tí ẹ̀rọ ń kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sí. Èyí tí ó wà nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ní àwo pẹlẹbẹ tí ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú wọn ń yí ní ìgbà 7,200 láàrin ìṣẹ́jú kan, apá kékeré kan sì ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí rẹ̀ láti wá ohun tí a béèrè. Ohun tí ń yí tí ń sáré, bó pẹ́ bó yá, yóò rẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ń gbọ́ tí ó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ẹ má dúró ṣe àyẹ̀wò kankan mọ́. Ẹ kọ́kọ́ kó ìwé yín sórí flash, nítorí pé kọ̀ǹpútà ṣeé rà, iṣẹ́ àpilẹ̀kọ odidi ọdún kan kò ṣeé rà. Oògùn rẹ̀ ni kí a yọ ọ́, kí a fi SSD dípò rẹ̀. SSD kò ní ohun tí ń yí nínú. Bí a bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní sáré kiri kí ó tó gbé e fún ni. Ìyípadà kan ṣoṣo yìí ti sọ ọ̀pọ̀ arúgbó ẹ̀rọ di ọ̀dọ́.

Bí ó bá jẹ́ Memory, ọ̀rọ̀ RAM nìyẹn. Bí hard disk bá jẹ́ àká, RAM ni tábìlì tí a ń ṣiṣẹ́ lé. Bí tábìlì bá kéré, a ó máa gbé ìwé kan padà sí àká kí a tó rí àyè fún òmíràn, àlọ àti àbọ̀ yìí ló sì ń jẹ àkókò. Ẹ̀rọ tí ó ní 2 GB tàbí 4 GB yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ bí a bá ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá mọ́ ìwé tí à ń tẹ̀. 8 GB a máa tó fún iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kí ẹni tí yóò ra RAM ṣọ́ra: DDR3 kò lè wọ ojú DDR4, ẹnu tí a gé sí wọn lára kò bára mu. Kí ó mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà.

Bí ó bá jẹ́ CPU, ẹ má tíì dá ọpọlọ ẹ̀rọ lẹ́bi. Ẹ wo orúkọ ohun tí ń jẹ ẹ́ lójú ìwé kan náà. Nígbà mìíràn, ètò tí ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ẹ̀rọ náà lókè òkun fi sílẹ̀ ni. Nígbà mìíràn, kòkòrò tí a gbà lára flash tí ó ti kiri gbogbo kíláàsì ni. Ibi tí a kọ Startup sí lójú Task Manager ni a ti í dá àwọn ètò tí ń bá ẹ̀rọ jí láàárọ̀ dúró. Bí ó bá sì jẹ́ pé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a tàn án, tí ó wá ń falẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, tí fáànù rẹ̀ ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta, ooru ni. Eruku ọyẹ́ ti dí i nímú. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà a máa dín eré ara rẹ̀ kù bí ó bá gbóná jù, kí ó má ba à jóná. Kí a pa á, kí a yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, kí a tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a fi ọwọ́ kan irin ara rẹ̀, kí a wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku náà. Kí a má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́. Ìpara tí ó wà láàrin ọpọlọ náà àti irin tí ń gba ooru rẹ̀ a máa gbẹ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Òun náà ṣeé pààrọ̀.

Kékeré kan kù tí ń tan ènìyàn jẹ. Bí ẹ̀rọ bá ń gbàgbé ọjọ́ òní ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, bátìrì pẹlẹbẹ bí owó wẹ́wẹ́ tí ń jẹ́ CR2032 ló ti kú. Bí ọjọ́ ara ẹ̀rọ kò bá sì tọ̀nà, ọ̀pọ̀ ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò kọ̀ láti ṣí, ẹni tí ó ni ín yóò sì máa pariwo pé kọ̀ǹpútà òun ń falẹ̀.

A Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀, À Ń Pa Lápálàpá

Ọ̀rẹ́ mi kan gbé tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe kan. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi Windows tuntun sí i. Ó yára fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì padà sí bí ó ti wà. Ó tún gbé e lọ, wọ́n tún gba owó, wọ́n tún fi Windows sí i. Nígbà tí ó fẹ́ gbé e lọ lẹ́ẹ̀kẹta ni àwa méjèèjì jókòó tì í nínú yàrá. Disk rẹ̀ kò kúrò ní 100 fún odidi ìdajì wákàtí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sanwó oògùn lápálàpá, ẹ̀tẹ̀ sì wà lára.

N kò sọ pé olè ni gbogbo alátùn-únṣe. Àwọn ọ̀jáfáfá wà ní Computer Village ní Ìkẹjà tí wọ́n lè fi ẹ̀rọ mẹ́ta tí ó ti bàjẹ́ ṣe ẹyọ kan tí yóò sin ni fún ọdún púpọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí kò bá mọ ibi tí ó ń dun òun, gbogbo oògùn ni wọn ó tà fún un.

Àwọn Tí Yóò Takò Mí

Àwọn kan yóò ní bí a bá ń yin àlòkù báyìí, a ó sọ ilẹ̀ wa di ààtàn aráyé. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe àsọdùn. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network gbé ìròyìn kan jáde pé kọ̀ǹténà bí 500 tí ó kún fún irú ẹrù báyìí ń gba èbúté Èkó wọlé lóṣooṣù nígbà náà, àti pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ní ọdún 2011, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin lórí ẹrù oníná tí ó ti kọjá lílò. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti wọlé ti wọlé ná. Bí a bá sọ ọ́ nù nígbà tí ó ṣì lè ṣiṣẹ́, orí ààtàn ló ń lọ, níbi tí àwọn ọmọ kékeré ti ń sun wáyà láti yọ bàbà inú rẹ̀, tí wọ́n ń fa èéfín rẹ̀ símú. Ẹni tí ó tún ẹ̀rọ kan ṣe ti dín ààtàn kù.

Òmíràn yóò ní ọjọ́ orí ni ọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni pé Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí ó ń fún gbogbo ènìyàn lórí Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kò sì gba púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí a ṣe ṣáájú ọdún 2017. Ṣùgbọ́n Windows nìkan kọ́ ni ọ̀nà tó wọ ọjà. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Irú rẹ̀ tí ń jẹ́ Linux Mint kò wúwo púpọ̀, a lè gbé e sórí flash kí a fi dán ẹ̀rọ wò láìpa ohunkóhun rẹ́, bọ́tìnnì Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí àgbékalẹ̀ rẹ̀ ti jóná pátápátá ni mo gbà pé ó kú. Àní òun náà, ẹ yọ RAM rẹ̀ kí ẹ tó sin ín.

Ohun Tí Mo Ń Bẹ Ẹgbẹ́ Wa

Kí ẹgbẹ́ wa ya Sátidé kan sọ́tọ̀ ní sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń falẹ̀ gbé e wá. Ìtúdè mélòó kan, búrọ́ọ̀ṣì, flash tí Linux wà lórí rẹ̀, àti SSD kan tí a ó máa fi dán ẹ̀rọ wò, kò ju agbára àpò ẹgbẹ́ lọ; owó tí à ń ná sórí aṣọ ẹbí ọjọ́ àsè ju èyí lọ fíìfíì. Kí ó sì jẹ́ Yorùbá ni a ó fi ṣe àlàyé lọ́jọ́ náà. À ń tiraka láti fún àwọn nǹkan wọ̀nyí lórúkọ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a kò fi ṣiṣẹ́ kì í pẹ́ gbàgbé. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ àká kan, tí ó fi òmíràn sí i, tí ẹ̀rọ sì yára lójú rẹ̀, kò tún ní gbàgbé ohun tí àká kọ̀ǹpútà ń jẹ́.

Títí ọjọ́ náà yóò fi dé, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń falẹ̀ lálẹ́ òní, kí ó tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta yẹn kí ó tó ka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.