Ọ̀pá ilẹ̀ tí a kò wọ̀n, ìgbẹ́kẹ̀lé asán ni

Ẹni tí ó bá ń wọ ìlú Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn òkè àpáta ni yóò kọ́kọ́ rí. Àwọn òkè wọ̀nyí ni ògo ìlú náà. Ṣùgbọ́n àpáta tí ó yọrí sókè yìí wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ pẹ̀lú, lábẹ́ ọ̀pọ̀ ilé. Àwọn tí ń gbẹ́ kànga mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tí ó fa iná mànàmáná wọ ilé rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n, nítorí pé ẹ̀mí àwọn ará ilé rẹ̀ wà lọ́wọ́ ilẹ̀ yẹn.

Wáyà mẹ́ta ni ó yẹ kí ó wà nínú ilé. Èkíní ń gbé iná wọlé. Àwọn oníṣẹ́ iná ń pè é ní phase. Èkejì ni iná ń gbà padà. Òun ni neutre. Ẹ̀kẹta ni wáyà ilẹ̀, tí ó ní àwọ̀ ewé pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá irin tí wọ́n gbìn sínú ilẹ̀. Bí iná bá ṣìnà wọ ara fíríìjì tàbí ẹ̀rọ ìlọta, wáyà ilẹ̀ ni yóò gbé e lọ, kí disjoncteur lè já iná náà kíákíá. Bí ọ̀pá náà kò bá di ilẹ̀ mú dáadáa, ara ènìyàn ni iná yóò gbà kọjá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ ti le. Òkúta àti iyanrìn gbígbẹ kì í gba iná. Ọ̀pá tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà òjò lè di aláìwúlò nígbà ọyẹ́. Síbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ onílé bá ti rí ọ̀pá lẹ́bàá ògiri, ọkàn wọn a balẹ̀. Àṣìṣe ni. Rírí kì í ṣe wíwọ̀n.

Ìwọ̀n méjì ni ó yẹ kí onílé béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ iná. Èkíní ni agbára iná tí ó wà láàárín neutre àti wáyà ilẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan, multimètre, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Nítorí pé wọ́n ti so neutre mọ́ ilẹ̀ nídìí tíránsífọ́mà, nọ́ńbà náà yẹ kí ó kéré: volt 1, 2 tàbí 3. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ tí a fi ń lọ aṣọ, yóò gòkè díẹ̀. Bí ó bá fò dé volt 20 tàbí 30, ewu ń bọ̀: wáyà neutre tínrín jù, ó gùn jù, tàbí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ ti tú. Bẹ́ẹ̀ ni ó sábà máa ń rí níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń fa iná láti ara compteur kan ṣoṣo, lórí òpó igi, bí òwú aláǹtakùn.

Bí nọ́ńbà náà bá wà lórí 0 láìyẹsẹ̀, àní nígbà tí ẹ̀rọ ńlá ń ṣiṣẹ́, kí onílé má ṣe yọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti so neutre mọ́ wáyà ilẹ̀ nínú ilé, kí ó má bàa ra ọ̀pá. Lọ́jọ́ tí neutre bá já níta, volt 220 lè wà lára gbogbo ẹ̀rọ onírin.

Ìwọ̀n kejì ni ti ọ̀pá fúnra rẹ̀, nítorí multimètre kò lè sọ bóyá ọ̀pá di ilẹ̀ mú. Ẹ̀rọ mìíràn, telluromètre, ni ó ń ṣe èyí. Ìlànà iṣẹ́ iná ilẹ̀ Faransé ní kí ti ilé gbígbé má ṣe ju ohm 100 lọ.

Àwọn kan yóò ní ìjọba ti dá àjọ Contrelec sílẹ̀ láti máa yẹ iná inú ilé wò. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ọjọ́ kan kò lè ṣọ́ ilé fún ọdún mẹ́wàá. Àwọn mìíràn yóò ní kò sí owó. Ẹni tí ó fi owó kajú ra tẹlifíṣọ̀n kò lè sọ pé òun kò rí owó ìwọ̀n.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí onílé má ṣe tú àpótí iná fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni. Ṣùgbọ́n kí ó di ìyókù owó iṣẹ́ mú títí oníṣẹ́ yóò fi wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ̀wé kọ níláti kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà méjèèjì sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ compteur. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n, kí ó sì kọ tuntun sábẹ́ ti àtijọ́. Bí nọ́ńbà bá ti ń gòkè, ògiri yóò ti kìlọ̀ kí iná tó pa ẹnikẹ́ni.